Irinṣẹ́ Fífúyẹ́ fún Gígé Àwòrán Lórí Linux: Èwo Ló Bá Iṣẹ́ Yín Mu?

Ẹnì kan ya àwòrán, ọwọ́ ẹni tó ń kọjá lọ yọ sínú rẹ̀ lápá òsì. Gbogbo ohun tó fẹ́ kò ju kó gé apá òsì yẹn dànù, kó sì fi ìyókù ránṣẹ́. Ó ṣí GIMP, áàpù ńlá tí a fi ń tún àwòrán ṣe. Ó dúró títí GIMP fi kó àwọn fọ́ǹtì àti búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ jọ tán, ó wá irinṣẹ́ ìgé káàkiri, ó gé àwòrán náà, ó tẹ Ctrl+S. Fáìlì tó rí gbà ní .xcf lẹ́yìn orúkọ, ẹni tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí kò sì ní ohun tó lè fi ṣí i. Iṣẹ́ tí kò yẹ kó gbà ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ ti gba ìṣẹ́jú 10.

Mi ò bá GIMP jà o. Láti 1996 ló ti wà níta, èmi náà sì ń lò ó nígbà tí iṣẹ́ bá tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ ṣí i. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni pé ká máa gbé àáké láti fi gé èékánná. Àwọn irinṣẹ́ kéékèèké pọ̀ lórí Linux tó lè gé àwòrán kíákíá, iyàtọ̀ tó wà láàárín wọn sì ju bí ojú wọn ṣe rí lọ.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n wéra, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mò ń bi ara mi: èwo ló kéré jù? Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìbéèrè méjì mìíràn wà tó ṣe pàtàkì jù ú lọ. Èkíní: kí ni gígé náà ń ṣe sí ojú àwòrán tó ṣẹ́ kù? Èkejì: ṣé ohun tí mo gé kúrò ti kúrò lóòótọ́? Èkejì yìí ni mo fi ìnira kọ́, mo máa sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ níwájú.

Kí la ń pè ní fífúyẹ́?

Ọ̀pọ̀ èèyàn á wo iye mẹ́gábáìtì tí wọ́n fẹ́ wà sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á sì ní "èyí fúyẹ́." Ó dáa láti wò ó, àmọ́ kò tó, torí pé áàpù kì í sábà dá wá lórí Linux. Ẹ wo Gwenview, awòwòrán KDE tó tún ń gé àwòrán. Òun fúnra rẹ̀ kò tóbi. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń lo GNOME tàbí Xfce (ojú-iṣẹ́ orí Linux ni wọ́n, bíi KDE), tí ẹ wá ní kí apt, irinṣẹ́ tó ń gbé áàpù wá lórí Debian àti Ubuntu, gbé Gwenview wá, ó máa kó ọ̀pọ̀ láíbìrì KDE, ìyẹn kóòdù tó gbára lé, dání, bí àlejò tó mú gbogbo ẹbí rẹ̀ wá. Lórí kọ̀ǹpútà tó ti ń lo KDE Plasma, àwọn ẹbí yẹn ti wà nílé tẹ́lẹ̀, Gwenview á sì wọlé wẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni gThumb, awòwòrán mìíràn, ṣe rí sí ẹni tó wà lórí KDE: òun àti àwọn láíbìrì GTK rẹ̀ ni yóò jọ wá. Nítorí náà kò sí ìdáhùn kan sí "èwo ló fúyẹ́ jù" tó lè bá gbogbo wa mu. Ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín tẹ́lẹ̀ ló ń pinnu rẹ̀. Kí ẹ tó tẹ Y, apt á sọ iye àyè tí gbogbo ẹrù náà máa gbà; ẹ rọra kà á.

Mẹ́mórì tún wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú àwòrán kan tó jẹ́ 6000 × 4000 píksẹ́lì, irú èyí tí kámẹ́rà 24 megapixel ń yà. Ó lè má ju mẹ́gábáìtì díẹ̀ lọ lórí dísìkì. Ṣùgbọ́n áàpù tó bá ṣí i gbọ́dọ̀ tú u ká: píksẹ́lì mílíọ̀nù 24, báìtì 4 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn nǹkan bíi MB 96 kó tó ṣe ohunkóhun. Tí áàpù náà bá tún ń tọ́jú ẹ̀dà àtẹ̀yìnwá kí ẹ lè tẹ Undo, ó ti di ìlọ́po méjì. Lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí mẹ́mórì rẹ̀ jẹ́ GB 2, àwòrán gan-an ló ń wúwo, kì í ṣe áàpù, kò sì sí áàpù kékeré kankan tó lè yẹ ìyẹn sílẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀, kó fi `/usr/bin/time -v` síwájú orúkọ áàpù náà nínú terminal (fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ), kó ṣí àwòrán kan, kó gé e, kó sì pa áàpù náà dé. Nínú ohun tí yóò tẹ̀ jáde, ìlà "Maximum resident set size" ló ń sọ mẹ́mórì tó pọ̀ jù lọ tó lò. Mo fẹ́ràn ìdánwò yìí torí pé ara kọ̀ǹpútà ẹni lèèyàn ti ṣe é, kì í ṣe ohun tí ẹlòmíràn sọ.

gThumb àti Gwenview

Àwọn méjì yìí ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. Awòwòrán ni wọ́n lákọ̀ọ́kọ́: ẹ lè fi wọ́n wo àwòrán inú fódà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gé èyí tó wù yín lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì bọ́ sórí èyí tó kàn. Irú iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe gan-an nìyẹn. A kì í sábà ní àwòrán kan ṣoṣo láti gé. Ogún ni, tàbí ọgbọ̀n, tí a fẹ́ wò, kí a sì tún díẹ̀ ṣe lára wọn.

Nínú Gwenview, Shift+C ló ń gbé irinṣẹ́ ìgé jáde. Ẹ óò rí àpótí kan lórí àwòrán, ẹ fa igun rẹ̀ bó ṣe wù yín, ẹ tẹ Enter, ó parí. Tí ẹ bá fẹ́ kí ìbú àti gíga bára mu ní ìwọ̀n kan pàtó, ẹ ṣí "Advanced settings", níbẹ̀ ni ẹ ti lè yan ìwọ̀n náà, tàbí kí ẹ kọ iye píksẹ́lì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó máa béèrè lọ́wọ́ yín bóyá kó fi pamọ́ sórí fáìlì àtijọ́ ni tàbí kó dá fáìlì tuntun sílẹ̀. Mo gbádùn bó ṣe máa ń dúró de ẹni: kì í fi ìwàǹwára kọ nǹkan sórí fáìlì yín.

Ibi tí gThumb ti ta á yọ ni ìmọ̀ nípa ìwọ̀n. Nínú irinṣẹ́ ìgé rẹ̀, ẹ lè yan onígun mẹ́rin dọ́gba, 4:3, 3:2, 16:9, tàbí kí ẹ kọ ti ara yín. Ẹ jẹ́ ká sọ pé fọ́tò ìwé ìrìnnà ni ẹ ń tọ́jú, tí wọ́n ní kó jẹ́ mìlímítà 35 × 45. Ẹ kọ 7:9 síbẹ̀, torí pé ìwọ̀n kan náà ni, àpótí ìgé kò sì ní kúrò ní ìwọ̀n yẹn bó ti wù kí ẹ fà á tó. Tí wọ́n bá tún ní 300 dpi (iye píksẹ́lì nínú íǹṣì kan), ẹ wá bó ṣe máa tó nǹkan bíi 413 × 531 píksẹ́lì, ó kéré tán. gThumb tún lè fa ìlà sórí àwòrán, èyí tó ń pín in sí mẹ́ta níbùú àti lóòró, kí ojú ẹni inú fọ́tò lè bọ́ síbi tó yẹ. Ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí: ẹ lè ní kí iye píksẹ́lì jẹ́ ìlọ́po nọ́ńbà kan, bíi 8 tàbí 16. Ó lè dà bíi pé kò wúlò. Ó wúlò fún JPEG, nítorí àwọn búlọ́ọ̀kù rẹ̀ tí a máa sọ̀rọ̀ lé lórí níwájú.

Ẹni tó bá ń lo Linux Mint lè má nílò láti gbé gThumb wá rárá. Pix tó wà níbẹ̀, láti ara gThumb ni wọ́n ti yọ ọ́, irinṣẹ́ ìgé rẹ̀ sì jọ ti gThumb.

Èyí tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀

Lórí GNOME, awòwòrán tuntun tí wọ́n ń pè ní Loupe ló rọ́pò Eye of GNOME láti GNOME 45, ní 2023. Fún ọdún kan àti ààbọ̀, wíwo nìkan ló mọ̀, àwọn èèyàn sì ń ráhùn. Nígbà tí GNOME 48 dé ní oṣù kẹta 2025, wọ́n fi gígé, yíyí àti dídojúdé sí i. Fún ẹni tó bá ní GNOME 48 tàbí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń gé àwòrán, mo rò pé kò yẹ kó gbé ohunkóhun mìíràn wá. Kò ní ọ̀pọ̀ ìrànwọ́ tí gThumb ní, ṣùgbọ́n ó ti wà níbẹ̀.

Ristretto tó wà lórí Xfce kò mọ gígé. Àwọn tó wà lórí Xfce lè lo Viewnior, awòwòrán kékeré kan tó ń gé, tó ń yí, tó sì ń fi pamọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ohun tó jọ Paint, ẹ wo Pinta. Láti 2010 ló ti wà, ẹ óò fi máòsì yan ibi tí ẹ fẹ́, ẹ ó wá tẹ "Crop to Selection" nínú mẹ́nù Image. Ó dáa fún àwòrán ojú kọ̀ǹpútà tí ẹ tún fẹ́ fa ọfà tàbí kọ ọ̀rọ̀ sí. Fún gígé nìkan, ìṣísẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù fún mi.

Shotwell yàtọ̀ sí gbogbo wọn, ó sì yẹ ká dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Tí ẹ bá ti kó àwòrán yín wọ inú àkójọ rẹ̀, tí ẹ wá gé ọ̀kan, kò ní fọwọ́ kan fáìlì náà rárá. Inú àkọsílẹ̀ tirẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí pé "ibi báyìí ni ká gé." Ẹ óò rí àwòrán tí a ti gé nínú Shotwell, ṣùgbọ́n tí ẹ bá lọ sínú fódà lọ mú fáìlì yẹn, odindi rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ohun rere ni fún ẹni tó ń tọ́jú fọ́tò ẹbí, torí pé ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ó ṣì lè yí ọkàn padà. Ewu ni fún ẹni tó fẹ́ gé kó sì fi ránṣẹ́ kíákíá. Export ni kó lò, Ctrl+Shift+E, kó má ṣe mú fáìlì láti inú fódà.

JPEG: ohun tí gígé ń ṣe sí ojú àwòrán

Tó bá jẹ́ PNG ni ẹ ń gé, ẹ lè fo apá yìí. PNG kì í pàdánù ohunkóhun bó ti wù kí ẹ fi pamọ́ tó. JPEG ló ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Bí JPEG ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ó ń pín àwòrán sí búlọ́ọ̀kù kéékèèké, píksẹ́lì 8 × 8, ó ń ju díẹ̀ nù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí fáìlì lè kéré. Nígbà tí gThumb, Gwenview tàbí GIMP bá gé JPEG, ńṣe ni wọ́n máa tú gbogbo búlọ́ọ̀kù yẹn sí píksẹ́lì, wọ́n á gé e, wọ́n á sì tún un pín, wọ́n á tún ju díẹ̀ nù. Lẹ́ẹ̀kan, ojú kì í sábà rí i. Tí ẹ bá gé lónìí, tí ẹ tún padà gé lọ́la, tí ẹ tún ṣe é lọ́tùnla, etí àwọn lẹ́tà á bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìdọ̀tí, ojú ọ̀run á máa hàn ní àpótí-àpótí.

Ọ̀nà mìíràn wà: kí a kó àwọn búlọ́ọ̀kù tí a fẹ́ bí wọ́n ṣe wà, láìtú wọn, kí a sì fi ìyókù sílẹ̀. Ohun tí jpegtran ń ṣe nìyẹn. Inú àpò libjpeg-turbo-progs ló wà lórí Debian àti Ubuntu, Fedora ń pè é ní libjpeg-turbo-utils. Ó kéré débi pé ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kò yẹ kó wáyé. Àṣẹ rẹ̀ rí báyìí:

`jpegtran -copy all -crop 800x600+160+64 -outfile gige.jpg foto.jpg`

800 ni ìbú, 600 ni gíga, 160 jẹ́ iye píksẹ́lì tí a fẹ́ fò láti apá òsì, 64 láti òkè. Kò sí píksẹ́lì kan nínú ohun tó kù tó yàtọ̀ sí ti àtijọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé búlọ́ọ̀kù ló ń kó, kò sì lè la búlọ́ọ̀kù láàárín ní igun òsì òkè. Nínú ọ̀pọ̀ fọ́tò tí kámẹ́rà ń yà, ìdìpọ̀ búlọ́ọ̀kù yìí jẹ́ 16 × 16. Tí ibi tí ẹ fẹ́ kó ti bẹ̀rẹ̀ kò bá bọ́ sórí ìlà, jpegtran máa sún un sókè tàbí sósì láìsọ fún yín. Apá ọ̀tún ìsàlẹ̀ kò ní yí. Ohun tí ẹ bá ní kó mú, ó máa mú un, ó sì lè fi tó píksẹ́lì 15 kún un. Fún fọ́tò, kò sí ìṣòro. Fún ẹni tó ń gé kí nọ́ńbà káàdì má hàn, píksẹ́lì 15 lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ohun tó hàn àti ohun tó pamọ́.

Ìdẹkùn kejì nínú jpegtran: ọ̀pọ̀ fóònù kì í yí àwòrán fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá dì í mú lóòró. Wọ́n á fi àwòrán sílẹ̀ ní ìbú, wọ́n á sì kọ sínú EXIF, àkọsílẹ̀ tí kámẹ́rà ń fi sínú fáìlì, pé "ẹ yí i kí ẹ tó fi hàn." Awòwòrán máa ń gbọ́ràn. jpegtran kì í wo ibẹ̀. Ẹ óò ka nọ́ńbà lójú àwòrán tó dúró, jpegtran á gé lára èyí tó dùbúlẹ̀, ibi tó sì máa gé, ẹ̀rù á bà yín. Ẹ kọ́kọ́ fi `exiftran -ai foto.jpg` yí i lóòótọ́, òun náà kì í ba ojú àwòrán jẹ́, lẹ́yìn náà ni kí ẹ gé. Orí fáìlì náà ni exiftran yìí ń kọ ọ́ sí, nítorí náà ẹ ṣe é lórí ẹ̀dà.

Kíka nọ́ńbà fún jpegtran kì í ṣe ohun tí gbogbo èèyàn lè fara dà. cropgui wà fún wọn. Áàpù kékeré kan ni, Python ni wọ́n fi kọ ọ́: ó ń fi àwòrán hàn, ẹ ó fi máòsì fa àpótí, jpegtran ló sì máa pè lẹ́yìn láti gé JPEG. Kì í ṣe gbogbo distro (ẹ̀yà Linux) ló ní i nínú àkójọ áàpù wọn, nígbà mìíràn ẹ ní láti mú kóòdù rẹ̀ láti GitHub. XnView MP náà lè gé JPEG láìpàdánù, ó lẹ́wà, ó yára, ṣùgbọ́n kóòdù rẹ̀ kò ṣí sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni fún ìlò ara ẹni. Ẹni tí òmìnira kóòdù ṣe pàtàkì sí, bíi tèmi, cropgui ló máa mú.

Tó bá jẹ́ igba àwòrán ńkọ́?

Ẹ má fi máòsì gé igba àwòrán. Tí gbogbo wọn bá ní ibi kan náà tí ẹ fẹ́ gé, bí àwòrán ojú kọ̀ǹpútà tí ọ̀pá mẹ́nù wà lókè gbogbo wọn, ImageMagick ni ọ̀rẹ́ yín. Láti 1987 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀, kì í sì í ṣe ohun tó ní fèrèsé tí ẹ óò máa fi máòsì fà. Ẹ kọ́kọ́ dá fódà kan tó ń jẹ́ gige sílẹ̀ fún àwọn tí a ti gé, kí ẹ tó kọ:

`magick mogrify -path gige -crop 1920x1000+0+80 +repage *.png`

`-path` yẹn, ẹ má gbàgbé rẹ̀ láé. Tí kò bá sí níbẹ̀, mogrify máa kọ gbogbo rẹ̀ sórí fáìlì àtijọ́, kò sì sí Undo. `+repage` náà níṣẹ́: láìsí i, PNG á ṣì rántí ìwọ̀n pátákó àtijọ́, àwọn áàpù kan á sì fi àyè òfìfo hàn níbi tí ẹ ti gé. Lórí àwọn distro tó ṣì ń lo ImageMagick 6, kò sí magick níwájú, mogrify nìkan ni ẹ óò kọ, tàbí convert fún fáìlì kan ṣoṣo. Tó bá jẹ́ fọ́tò fóònù ni, ẹ fi `-auto-orient` síwájú `-crop`, ìdí rẹ̀ ni mo ti sọ lókè.

Ohun tí ImageMagick kò lè ṣe fún yín ni ìdájọ́ ojú. Tí ibi tó yẹ kí a gé bá yàtọ̀ nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ẹ padà sí gThumb, kò sí ọ̀nà àbùjá.

Ẹ wo wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn:

| Irinṣẹ́ | Ẹni tó bá mu | Ṣé JPEG ń pàdánù? | Ibi tó ti ń ṣẹ́ni lọ́wọ́ |
|---|---|---|---|
| gThumb, Pix | GNOME, Xfce, Cinnamon. Ẹni tó nílò ìwọ̀n pàtó | Díẹ̀ | Ẹrù GTK lórí KDE |
| Gwenview | KDE Plasma | Díẹ̀ | Ẹrù KDE lórí desktop mìíràn |
| Loupe | GNOME 48 sókè, ẹni tí kì í gé púpọ̀ | Kì í ṣe torí rẹ̀ la fi ń mú un | Ìrànwọ́ ìwọ̀n kò pọ̀ |
| Shotwell | Ẹni tó ń tọ́jú àkójọ fọ́tò | Fáìlì àtijọ́ kò yí. Export ló ń dá tuntun | Fáìlì inú fódà ṣì jẹ́ odindi |
| cropgui, jpegtran | Ẹni tí ojú JPEG ṣe pàtàkì sí | Rárá | Ìlà 8 tàbí 16, EXIF |
| ImageMagick | Ọ̀pọ̀ fáìlì lẹ́ẹ̀kan náà | Díẹ̀ | Ó lè kọ sórí fáìlì àtijọ́ |

Ohun tí a gé tí kò lọ

Ibi tó dùn mí rèé. Mo gé fọ́tò kan nígbà kan kí n lè yọ ọmọdé kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúrò, torí pé ìyá rẹ̀ kò fẹ́ kí àwòrán ọmọ náà jáde síta. Mo wo fáìlì náà, ọmọ kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo fi ránṣẹ́. Ẹni tó gbà á ní òun rí ọmọ kan nínú àwòrán kékeré tó kọ́kọ́ jáde kí ńlá tó ṣí. Ojú tì mí, mo sì ní láti lọ bẹ ìyá ọmọ náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé. Kámẹ́rà máa ń fi àwòrán kékeré kan sínú EXIF, ó sábà máa ń jẹ́ 160 × 120 píksẹ́lì, kí awòwòrán lè rí nǹkan fi hàn kíákíá. Tí irinṣẹ́ bá gé àwòrán ńlá, tó sì kó EXIF bó ṣe wà, àwòrán kékeré yẹn kò yí padà. Odindi rẹ̀ ló ṣì wà nínú fáìlì. Àwọn irinṣẹ́ tó fúyẹ́ jù lọ gan-an ni irú èyí sì wọ́pọ̀ lára wọn: jpegtran pẹ̀lú `-copy all` máa kó EXIF lọ, ImageMagick náà ń kó o. Mo ṣì ń lo àwọn méjèèjì. Mo kàn mọ̀ báyìí pé iṣẹ́ kan kù lẹ́yìn wọn.

Kì í sì í ṣe àwòrán kékeré nìkan. Ní 2023, wọ́n rí àléébù kan nínú irinṣẹ́ Markup tó wà lórí fóònù Pixel, tí nọ́ńbà àkọsílẹ̀ rẹ̀ jẹ́ CVE-2023-21036, tí àwọn tó rí i pè ní aCropalypse. Tí ẹ bá gé àwòrán ojú fóònù, fáìlì tuntun tó kéré ni wọ́n kọ sórí èyí tó tóbi, ṣùgbọ́n wọn kò gé ìrù àtijọ́ dànù. Báìtì tó ṣẹ́ kù wà lẹ́yìn, àwọn èèyàn sì rí ọ̀nà láti kó apá tí a gé padà láti inú rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Linux, wọ́n sì ti tún un ṣe, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n mọ̀ pé ohun tí ojú kò rí lè ṣì wà.

GIMP náà ní tirẹ̀. Láti nǹkan bí 2020, irinṣẹ́ ìgé rẹ̀ kì í ju píksẹ́lì nù mọ́ àfi tí ẹ bá fi àmì sí "Delete cropped pixels". Tí ẹ bá kó o jáde sí JPEG tàbí PNG, kò séwu. Tí ẹ bá fi .xcf ránṣẹ́, ẹ ti fi ohun tí ẹ gé ránṣẹ́.

Nítorí náà, tí ohun tí ẹ gé bá jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rí, ẹ wò ó bóyá àwòrán kékeré ṣì wà nínú rẹ̀:

`exiftool -b -ThumbnailImage gige.jpg > kekere.jpg`

Ẹ ṣí kekere.jpg. Tí kò bá sí nǹkankan nínú rẹ̀, kò sí àwòrán kékeré níbẹ̀. Tó bá wà, `exiftool -ifd1:all= gige.jpg` á yọ ọ́. Ẹni tó fẹ́ kí gbogbo EXIF kúrò pátápátá, títí kan ibi tí GPS sọ pé wọ́n ti ya fọ́tò náà, kó lo `-all=` dípò rẹ̀. Pẹ̀lú jpegtran, ẹ lè fi `-copy none` rọ́pò `-copy all`, pẹ̀lú ImageMagick ẹ lo `-strip`, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ẹ ti yí àwòrán dúró kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, torí àkọsílẹ̀ ìyíka náà máa bá EXIF lọ, fọ́tò á sì dùbúlẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é

Lórí kọ̀ǹpútà mi, gThumb ló ń ṣe púpọ̀ jù lọ. Fọ́tò tí mo fẹ́ràn, tí mo mọ̀ pé mo máa tún padà sí, cropgui ni mo fi ń gé e, ẹ̀dà àtijọ́ á sì wà níbòmíràn. Àwòrán ojú kọ̀ǹpútà tó bá ti ju mẹ́wàá lọ, mo ń lo magick. Tí mo bá bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Linux pàdé, tó ń lo GNOME tuntun, mo máa ń sọ fún un pé kó ṣí àwòrán rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣí i, kó wo inú Loupe bóyá gígé wà níbẹ̀, kó tó gbé ohunkóhun wá.

Ohun kan péré ló kù nípa exiftool: kì í ju fáìlì àtijọ́ nù. Ó máa fi í sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun pẹ̀lú `_original` ní ìparí orúkọ rẹ̀, àwòrán kékeré yẹn sì ṣì wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ odindi fódà ni ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ wá àwọn fáìlì yẹn, kí ẹ kọ́kọ́ kó wọn kúrò níbẹ̀.